Ìdí Ìkòkò Ìyá Wa

Ẹ má dá mi lóhùn bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí Ọlọ́run ṣe dá ohùn mi nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ní àbúrò mi jẹ́ ọ̀bùn, tàbí pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kí onítọ̀hún má ṣe jẹ́ kí n mọ ibi tó wọlé sí. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ládùúgbò. Wọ́n ní owó ló dí i lójú. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìmọ́tótó àbúrò mi pọ̀ débi pé ó máa ń bí mi nínú.

Ilé kan náà la jọ ń gbé, èmi àti òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà jíjìn ló ń rìn, bí àlejò là ń rí i. Yàrá iwájú ni mo ti ń ṣe irun fún àwọn obìnrin. Yàrá ẹ̀yìn ni àbúrò mi ti ń po ìpara, kọ́tíìnì kan ló sì wà láàárín wa. Ìyá Ìpara ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ rẹ̀, tí kò tíì tó ọmọ ilé ìwé, èmi ni mo sọ ọ́ ní Aláròyé, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kí oníbàárà tó fìdí kalẹ̀ sórí àga mi, Aláròyé á ti bi í pé ta ló bí i, pé kí ló jẹ láàárọ̀, pé ṣé irun orí rẹ̀ ni gbogbo eléyìí àbí ó rà á ni. Obìnrin míì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó ra irun kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni iṣẹ́ ìpara ti wá. Ìyá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, òróró àgbọn àti ìda oyin àti omi òdòdó ni wọ́n máa ń pò pọ̀ nínú ìkòkò irin kan tó wúwo. Wọ́n ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rú: a kì í fọ ìkòkò ìpara. Bí wọ́n bá ti bu ìpara sínú ike tán, wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìdí ìkòkò, wọ́n á fi aṣọ mímọ́ bò ó, orí rẹ̀ ni wọ́n á sì po tuntun lé lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n ní òun ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ ìpara yàtọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn rẹ̀ yí padà, òun sì ni oníbàárà fi ń mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló pò ó. "Ìdí ìkòkò kì í gbẹ," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Nígbà tí ìyá wa ń lọ, èmi ni wọ́n fi ilé lé lọ́wọ́, àbúrò mi ni wọ́n fi ìkòkò lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń kẹ́ ìkòkò náà, ẹ ó rò pé ìyá wa gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Ìpara ìyá wa kì í yí àwọ̀ ẹnikẹ́ni padà. Ó kàn ń mú kí ara tutù ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ìsinsìnyí ò fẹ́ kí ara tutù, wọ́n fẹ́ kí ara pọ́n. Èyí fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó fẹ́ pọ́n kó tó di ọjọ́ náà. Tọ̀hún ní ọkọ òun ti ń wo pupa níta. Mo máa ń bá wọn jà lórí àga. Mo máa ń sọ fún wọn pé kòkòrò tó jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Wọ́n á ní kí n gbájú mọ́ irun tí mò ń ṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí èmi náà ń kun ohun tó ń ta wọ́n lórí kí irun wọn lè na, n ò sì lè pera mi ní ẹni mímọ́.

Bí àbúrò mi ṣe wá ìyẹ̀fun funfun kan rí nìyẹn. Ẹni tó ń tà á fún un ò kọ orúkọ kankan sára ọ̀rá rẹ̀. Agbára ni gbogbo àwọn tó ń po ìpara ń pè é. Bí o bá bu agbára sí ìpara, kó tó pẹ́ lára á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀. Àbúrò mi kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ̀ pé ohun tó lè bó àwọ̀ àgbàlagbà, kò yẹ kó kan ọmọdé. Ìdí nìyẹn tó fi pín ọjà rẹ̀ sí méjì. Èyí tó lágbára nínú, ìdérí pupa ló wà lórí ike rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé, òróró àgbọn àti ìda oyin bí ìyá wa ṣe ń ṣe é, ìdérí funfun ló wà lórí tiẹ̀. Ṣíbí ìdérí pupa yàtọ̀, aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ yàtọ̀, pẹpẹ rẹ̀ ga kọjá ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé. Tó bá po pupa tán, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgunpá, á tún un fọ̀, kó tó gbé ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi pupa para. Dúdú ló wà, dúdú tó ń dán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tó na Aláròyé, ọjọ́ tí ọmọ náà gun àpótí tó fẹ́ ṣí ìdérí pupa wò ni. Ó nà á tán, ó jókòó, òun náà ń sunkún.

Ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ dé, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Aláròyé. Ó ń họra lẹ́yìn orúnkún, ó ń họra lọ́rùn. Àbúrò mi ní kí ni a ń ṣe ìpara fún tí ara ọmọ tòun á fi máa yún un. Wọ́n ṣáà sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó gbé odidi ike ìdérí funfun sọ́tọ̀ fún un. Láàárọ̀ tó bá wẹ̀ ẹ́ tán, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nírọ̀lẹ́ kó tó sùn, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà á máa rojọ́ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, á ní kó tún ibí yìí pa, kó má gbàgbé àárín ọmọ ìka. Ìpara mi ló ń pè é. Bí ẹ bá bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń tà, á ní ìpara òun ni.

Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. N ò tiẹ̀ tètè fura, mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn bí ẹni tó gbé ẹrù, aṣọ rẹ̀ á rin gbingbin nínú òtútù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wá pọ́n, wọ́n wú, awọ wọn ń ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Kò fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan òun lójú, ó ń fi ojú pamọ́ sínú ìrọ̀rí. Tí a bá fẹ́ wọ bàtà fún un, á pariwo. Oúnjẹ, kò jẹ. Ọmọ tó ń fi ìbéèrè da oníbàárà láàmú, ó wá ń jókòó sí igun ògiri, ó ń yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó ń mì jìnnìjìnnì.

A lo oògùn ibà. A lo oògùn aràn. Aládùúgbò kan ní èéyi ni, òmíràn ní eyín ló ń dà á láàmú. Ọ̀kan ń dọ́gbọ́n sọ pé kí a wo ẹ̀yìn ọkọ tó ń rìnrìn àjò wò, bóyá ó ní obìnrin kan níbì kan. Mo lé ìyẹn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti irun tí n ò tíì dì tán. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkángun òpópónà wa, dókítà ọkùnrin tó wà níbẹ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń lo ìpara abóra nínú ilé. Àbúrò mi ní kò sí ẹnikẹ́ni. Òótọ́ pọ́nńbélé ló sọ. Ó ní òun ń po ìpara lóòótọ́, àmọ́ ti àwọn ọmọdé tí kò ní nǹkan kan nínú ni òun ń fi pa ọmọ òun. Dókítà náà kọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ara yún, ó ní kí ó máa bá ìpara náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a lọ. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ta ọmọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pa á tó. Kí ni ìyá mìíràn ìbá ṣe?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni gìrì gbé e lórí àga mi. Ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ le gbagidi. Oníbàárà tí orí rẹ̀ kún fún ọṣẹ ló gbé ọkọ̀ rẹ̀, òun ló gbé wa dé ọsibítù ńlá bẹ́ẹ̀ tòun ti ọṣẹ lórí. Wọ́n fi aṣọ kékeré kan wé apá ọmọ náà láti wọn ìfúnpá rẹ̀, nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wọ̀n, ó sáré lọ pe ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọmọdé tí eyín rẹ̀ kò tíì ká! Mo ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ wọn wò. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀rọ.

Wọ́n dá wa dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì Aláròyé wà lẹ́bàá fèrèsé, a fi ìró àbúrò mi dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń kérora. Ní gbogbo ìgbà tí ìrora náà bá pọ̀, ìyá rẹ̀ á yọ ike ìdérí funfun láti abẹ́ ìrọ̀rí, á bu díẹ̀ sí ọwọ́, á fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á máa kọrin sí i létí. Ìpara náà tutù, ọmọ á sì dákẹ́ díẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yìn ín. Wọ́n ní irú ìyá báyìí ṣọ̀wọ́n. Èmi náà jókòó síbẹ̀, orí mi wú.

Dókítà àwọn ọmọdé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló wá yẹ ọwọ́ ọmọ náà wò. Ó tẹ awọ tó ń ṣí náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó béèrè iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó ní kí á lọ kó ohun gbogbo tó ń pò wá, àti ti àgbà àti ti ọmọdé. Àbúrò mi ní pupa kì í kan ọmọ òun rárá. Dókítà ní òun gbọ́, kí á ṣáà lọ kó o wá. Èmi ni mo lọ. Inú bí mi débi pé mo fi kọ́kọ́rọ́ fọ́ àwo lórí pẹpẹ, torí mo rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò lórí ìpara nígbà tí ọmọ ń kú lọ. Wọ́n gba ìtọ̀ ọmọ náà, wọ́n gba ti àbúrò mi, wọ́n gba tèmi.

Nígbà tí èsì dé, dókítà pè wá sí yàrá kékeré kan, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní agbára yẹn, mẹ́kúrì ló wà nínú rẹ̀, ohun olóró tó ń gba awọ wọlé, tó sì ń wọ afẹ́fẹ́ bí a bá gbé e kaná. Ó ní ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì máa ń ba iṣan ara àti ọpọlọ jẹ́, ọmọdé ló sì ń yára mú jù. Ó ní ó wà nínú ìtọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ti ọmọ ló pọ̀ jù.

"Inú ìdérí funfun náà ló wà," ló wí. "Kò tó ti pupa. Ṣùgbọ́n ó kọjá ohun tí ara àgbà lè gbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọmọ kékeré."

Àbúrò mi dìde. Ó ní òun fi Ọlọ́run búra, òun fi ìyá òun tó wà nínú ilẹ̀ búra, òun ò bu ìyẹ̀fun kankan sí ti àwọn ọmọdé rí láyé òun. Dókítà ò jiyàn. Ó ní òun gbà á gbọ́, kí ó jókòó, kí ó sọ fún òun bó ṣe ń po ìpara funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má fo ohunkóhun.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tó bá ń sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á nà. Ó ní òun á kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Òun á se ṣíbí nínú omi híhó. Òun á gbé ìkòkò kaná wẹ́rẹ́, òun á jẹ́ kí èyí tó wà nídìí rẹ̀ yọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ni òun á wá da òróró àgbọn lé e lórí.

Dókítà gbé ojú sókè. "Kí ló wà nídìí rẹ̀?"

Àbúrò mi la ẹnu. Mo rí i tó ń wo dókítà, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ojú tó fi wò mí yẹn, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi wò mí mọ́ títí n ó fi kú. Ìkòkò kan ṣoṣo la ní. Inú rẹ̀ náà ló ti ń po pupa. Ó ń fọ ṣíbí, ó ń fọ ọwọ́, ó ń fọ tábìlì, aṣọ ìnuwọ́ méjì ló ní. Ohun kan ṣoṣo tí kì í fọ̀ ni èyí tí ìyá wa ní kí a má fọ̀.

"Ìdí ìkòkò," ló wí níkẹyìn. "Ìdí ìkòkò ìyá wa ni, mà."

Dókítà fi bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé rẹ̀, kò bínú, ìbá sì sàn kó bínú. Ó ní ìyẹ̀fun yẹn wúwo. Tí ìpara bá ti dúró, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ó ní díẹ̀ tí à ń ṣẹ́ kù yẹn gan-an ni ibi tó pọ̀ sí jù. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, à ń sọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́, a ò mọ̀ pé àwa gan-an ló ń bá wí.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà, ó ti fi èyí tó kù lábẹ́ ìrọ̀rí pa ọmọ. Ìpara náà ṣì ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, ó nà á síwájú kó má baà kan aṣọ rẹ̀, kó má baà kan mi, kó má baà kan àga. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi mú un lọ sídìí omi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún Aláròyé ní oògùn tó ń fa mẹ́kúrì jáde. Dókítà ní ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn lè fà á jáde. Èyí tó ti bàjẹ́ nínú orí, òun ò lè sọ, ọjọ́ ló máa sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn tó sì bo imú wá sí ilé wa, wọ́n kó ike pupa, wọ́n kó ike funfun, wọ́n gé kọ́tíìnì wa lọ, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà lọ. Wọ́n gbé ìkòkò ìyá wa sínú ọ̀rá méjì, wọ́n so ó pa. Mo bi wọ́n pé ṣé a ò lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní omi tí a bá fi fọ̀ ọ́, inú gọ́tà wo ni a fẹ́ dà á sí?

Àbúrò mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni rán an. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kúnlẹ̀ fún àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ìdérí funfun padà, kí wọ́n gbé ọmọ wọn lọ fún àyẹ̀wò. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan gbé ọmọ wọn, wọ́n sáré. Àwọn kan ṣépè. Obìnrin kan sọ fún un pé ara ọmọ òun ń dán, kí ó má wá fi àjálù tirẹ̀ ran òun, ló bá ti ilẹ̀kùn. Mo lu ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ mi fi wú, kò ṣí i. Ìyàwó ọ̀la kan sì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣe òun láàánú púpọ̀, àmọ́ ṣé pupa ò ṣẹ́ kù níbì kankan ni, nítorí òun ò tíì lọ́mọ. Ohun tí mo sọ fún un, n ò lè tún un sọ níbi tí àgbà bá wà.

A gbé Aláròyé wálé nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ rọlẹ̀. Ó rù, ọwọ́ rẹ̀ ń mì, kò lè fi ṣíbí dé ẹnu láìda oúnjẹ sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ń ṣe ohun gbogbo fún un, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló máa ń wọ̀. Mo ní kí ló dé, ṣé dókítà ò ti ní ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ni? Ó ní òun mọ̀. Kò bọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, mo ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́, kò sí kọ́tíìnì láàárín yàrá wa mọ́, mo sì ń rí wọn. Àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan, ó ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Aláròyé wo ẹsẹ̀ náà. Ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti há, àmọ́ gbogbo wa gbọ́.

"Màámi, ẹ fi ìpara mi pa mí. Ẹ má gbàgbé àárín ọmọ ìka."

Irun bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fi omijé tọrọ, òun ló dé yìí. Àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà kúrò lórí itan rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. A ò gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ọmọ náà yíjú sí mi. Ó ní Màmá Onírun, ìpara mi dà? Ó ní ta ló gbé e? Ó ní ṣé ó ti tán ni, ṣé Màámi á po òmíràn lọ́la? Aláròyé tún ti ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó fẹ́ mọ̀.

Mo lọ bu omi tútù, mo kúnlẹ̀, mo fi ń ra ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé àárín ọmọ ìka. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó ní kì í ṣe ìyẹn.